Ìwé Àwìn ní Alágbàká

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ṣe dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2016, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Àbújá. Ìwé àwìn àwọn olóúnjẹ Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣí.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú ẹ̀. Alágbàká wá di àdúgbò ìjọba: ọ́fíìsì gómìnà wà níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sì wà, olóúnjẹ, télọ̀, ọlọ́kadà àti ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì á tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Tí owó oṣù bá wọlé, ọjà á tà. Tí kò bá wọlé, àwìn ni.

Ní àárín ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2016, kò tó 30 mọ́. Owó tí Àbújá ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ lóṣooṣù fà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì lè san owó oṣù. Oǹdó wà lára wọn. Nígbà tí Akeredolu gba ìjọba lọ́wọ́ Mimiko lóṣù Kejì ọdún 2017, gbèsè owó oṣù wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní olóúnjẹ kan ń ta àwìn 3,000 náírà lójúmọ́. Láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́, ó di 60,000. Oṣù mẹ́ta, 180,000. Nínú ìwé, ó ń jèrè o! Ṣùgbọ́n kò sí owó tó máa fi ra ìrẹsì ọ̀la. Owó ọjà sì ń gbówó lórí: lóṣù Karùn-ún ọdún 2016, lítà epo bẹntiróòlù kúrò ní 86.50, ó di 145 náírà. Ọ̀wọ́ngógó ọjà kúrò ní ìdá 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù Kìíní, ó di 18.55 lóṣù Kejìlá. Ẹni tí wọ́n bá tiẹ̀ san gbèsè ẹ̀ pé, owó yẹn kò lè ra iye ọjà tó tà mọ́.

Láyé àtijọ́, àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri, mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n ní Alágbàká, ẹnu ọ̀nà ta ni kí olóúnjẹ lóṣòó sí? Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, wọ́n jẹ òun náà lówó. Ká má parọ́ fúnra wa, olóúnjẹ ló ń yá ìjọba lówó, láìgba èlé kọ́bọ̀.

Lọ́dún 2023 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, owó wà nínú àkáǹtì, kò sí lọ́wọ́. A fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, a dúró, àlẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Olóúnjẹ wo fóònù ẹ̀, ó wo ojú wa, ó sì na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì láti mú ìwé yẹn jáde.