Àga Abẹnugan àti Ọmọ Abẹ́òkúta

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2007, àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá yan Dimeji Bankole ní Abẹnugan wọn. Ẹni ọdún 37 ni nígbà náà. Baptist Boys' High School l'Ábẹ́òkúta ló ti kàwé, ẹkùn Gúúsù Abẹ́òkúta ló sì ń ṣojú fún. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni Patricia Etteh láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tó débẹ̀. Owó 628 mílíọ̀nù náírà tí wọ́n fẹ́ fi tún ilé Etteh àti ti igbákejì rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì fi ra ọkọ̀ méjìlá, ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà di ìjà nínú ilé, Dókítà Aminu Safana, aṣojú kan láti Katsina, ṣubú lulẹ̀, ó sì gbabẹ̀ kú.

Kò sí ààrẹ tàbí gómìnà tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ Abẹnugan. Àwọn tó yàn án nìkan ló ní agbára yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí òfin ọdún 1999 ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà.

Ilé méjèèjì kò rí bákan náà. Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà ní Ilé Aṣòfin Àgbà: mẹ́ta-mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ 36, àti ẹyọ kan láti Àbújá. Bí ìpínlẹ̀ ṣe tóbi tó kò kan ti ibẹ̀. Iye èèyàn ni wọ́n ń wò ní ilé kejì, níbi tí aṣojú 360 wà. Ìdí nìyẹn tí Kano fi ní aṣojú 24 nígbà tí Bayelsa ní márùn-ún, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́nétọ̀ tí ìpínlẹ̀ méjèèjì ní. Mẹ́sàn-án ni aṣojú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àárín Gbùngbùn Ògùn, tí ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà, ní sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú mẹ́ta: ọ̀kan fún Gúúsù Abẹ́òkúta, ọ̀kan fún Àríwá Abẹ́òkúta pẹ̀lú Ọ̀dẹ́dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, ọ̀kan fún Ìfọ̀ àti Ewékorò.

Àwọn sẹ́nétọ̀ àkọ́kọ́ kò gba ìbò aráàlú rárá. Ní 1960, yíyàn ni wọ́n yan gbogbo àwọn 44 tó wà níbẹ̀, Nnamdi Azikiwe sì ni olórí wọn kó tó di Gómìnà-Àgbà. Wọ́n lè fa àbá òfin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò lè pa á. Ológun tú ilé náà ká ní 1966. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu l'Ábẹ́òkúta, ló gbé ìjọba fún alágbádá ní 1979 lábẹ́ òfin tuntun tó fún ilé méjèèjì lágbára gidi. Sẹ́nétọ̀ márùn-ún ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nígbà náà, ìbò ló sì gbé wọn wọlé. Nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó lè dá ilé mú, NPN àti NPP pín ipò: Joseph Wayas ti NPN di Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà, Edwin Ume-Ezeoke ti NPP di Abẹnugan.

Ẹ̀gbá kì í ṣe àjèjì sí àkóso tí agbára ti pín. Láyé àtijọ́, Ògbóni ló ń dájọ́ ìlú, Olórógun ló ni ọ̀rọ̀ ogun, Pàràkòyí ló ń rí sí ti ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára ṣe pín l'Ábùjá: àbá òfin gbọ́dọ̀ gba ilé méjèèjì kọjá kó tó dé iwájú ààrẹ, tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ dòfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Ilé Aṣòfin Àgbà nìkan ló ń yẹ àwọn tí ààrẹ fẹ́ fi ṣe mínísítà wò. Bí ilé méjèèjì bá jókòó pọ̀, Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ló ń darí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó kan Abẹnugan.

Lábẹ́ àwọn olórí wọ̀nyí ni igbákejì wọn, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù àti ti alátakò, àti àwọn tó ń kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ kí ìbò wọn má fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Ọ̀pá àṣẹ ni àmì pé ilé ń jókòó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn jàǹdùkú ya wọ Ilé Aṣòfin Àgbà níbi tí wọ́n ti ń jókòó, wọ́n sì gbé ọ̀pá náà sá lọ. Abẹ́ afárá kan nítòsí ẹnubodè Àbújá ni ọlọ́pàá ti rí i lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí Ọbásanjọ́ padà sípò gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá láti 1999 sí 2007, òun náà fojú rí agbára tí òfin fún àwọn aṣòfin. Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà márùn-ún ló jẹ láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn: Enwerem, Okadigbo, Anyim, Wabara, Nnamani. Abẹ́ Ken Nnamani ni wọ́n ti da àtúnṣe òfin tí ì bá jẹ́ kí ààrẹ lo sáà kẹta nù, ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, 2006. Ilé kan ṣoṣo ló kọ̀ ọ́, àbá náà sì kú.

Láti 2007 sí 2011, Ẹ̀gbá ní ẹsẹ̀ ní ilé méjèèjì. Bankole wà lórí àga Abẹnugan. Ìyábọ̀ Ọbásanjọ́-Bello, ọmọ ààrẹ àná, jẹ́ sẹ́nétọ̀ fún Àárín Gbùngbùn Ògùn, ó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ètò ìlera. Ṣùgbọ́n aṣojú ẹkùn kan ni Abẹnugan kó tó jẹ́ Abẹnugan. Ní oṣù Kẹrin 2011, àwọn olùdìbò Gúúsù Abẹ́òkúta fi ìbò wọn gbé ọmọ ẹgbẹ́ ACN wọlé, Bankole sì pàdánù ìjókòó rẹ̀. PDP, ẹgbẹ́ Bankole, fẹ́ kí àga náà wà nílẹ̀ Yorùbá síbẹ̀. Mulikat Akande láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń tì lẹ́yìn. Ìpín ẹgbẹ́ nìyẹn, òfin kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹfà, àwọn aṣojú dìbò, Aminu Tambuwal láti Sokoto ni wọ́n yàn. Ọdún 2019 ni àga náà tó tún bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, Femi Gbajabiamila láti Èkó. Ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn kò tíì jókòó sórí rẹ̀ láti ìgbà Bankole.