Òfin Kan, Òṣùwọ̀n Méjì: Ọ̀ràn Owó Pẹ́ńṣọ̀n Àwọn Ọmọ-Ogun Dúdú ní Amẹ́ríkà

Ní ìlú Washington, tí í ṣe olú-ìlú Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí a fi bíríkì pupa kọ́ láàárín ọdún 1882 sí 1887, fún ìlò àwọn akọ̀wé tí ń ṣe ètò owó pẹ́ńṣọ̀n àwọn ológun. Yí gbogbo ara ilé náà ká ni a fi amọ̀ sísun ṣe ọnà àwọn ọmọ-ogun tí ń rìn lọ, àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn atukọ̀, àti àwọn tí ó gbọgbẹ́. Gígùn ọnà náà sì tó 1,200 ẹsẹ̀ bàtà. Láàárín wọn ni a ti rí ọkùnrin dúdú kan tí ń da àwọn ìbaaka tí ń fa ẹrù ogun. Ọ̀gágun Meigs, ẹni tí ó ya àpẹẹrẹ ilé náà, ni ó pàṣẹ pé kí a fi ẹni tí ogun náà sọ di òmìnira síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ ní ìgboro lè rí i. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ìwé yìí ni bóyá àwọn tí ó jókòó nínú ilé náà, tí wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn tí ogun ti sọ di aláàbọ̀ ara, rí ọkùnrin náà bákan náà.

Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861, nígbà tí ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ó sì parí ní 1865. Nǹkan bí 179,000 ènìyàn dúdú ni ó wọ iṣẹ́ ogun orí ilẹ̀ níhà ti Àríwá, àwọn bí 19,000 sì wọ ọkọ̀ ogun. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ti jẹ́ ẹrú rí. Ọ̀kan nínú wọn, Nicholas Said, ọmọ Bọ̀rnú ni, ní apá ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Nǹkan bí 40,000 kò padà sílé, àrùn ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù, kì í ṣe ọta ìbọn. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ àrùn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ tí a ó sọ.

Òfin tí ó dá owó pẹ́ńṣọ̀n náà sílẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 1862. Ó wí pé ọmọ-ogun lásán tí ogun sọ di ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ rárá yóò máa gba dọ́là 8 lóṣù. Ẹni tí agbára rẹ̀ dín kù yóò sì gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀. Nínú èyí ó tilẹ̀ sàn ju ètò owó oṣù lọ, nítorí títí di ọdún 1864, dọ́là 10 ni a ń ṣírò fún ọmọ-ogun dúdú, a sì ń yọ 3 kúrò níbẹ̀ fún aṣọ, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ funfun ń gba 13. Owó tí òfin yàn fún arọ ju èyí tí alára líle ń rí gbà lójú ogun lọ! A kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń bá àwọn aṣòfin wí: nínú ìwé òfin, wọ́n ṣe déédé.

Ṣùgbọ́n ibi tí òfin parí sí ni iṣẹ́ olùyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó béèrè owó náà ní láti fi hàn pé inú iṣẹ́ ogun ni àìlera rẹ̀ ti wá. Ìwé ẹ̀rí ọ̀gá rẹ̀, tàbí ti dókítà ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, ni a kọ́kọ́ ń béèrè; bí kò bá sí, kí ó mú àwọn tí wọ́n jọ jagun wá, kí wọ́n búra pé ó ṣojú wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo bí èyí ti rí fún ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú. Àwọn ọ̀gá wọn, bí a bá yọ díẹ̀ kúrò, òyìnbó ni wọ́n. Nígbà tí ogun sì parí, àwọn wọ̀nyí padà lọ sí Àríwá, àwọn ọmọ-ogun sì wà ní Gúúsù nídìí oko. Dókítà kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ogun àwọn dúdú, àkọsílẹ̀ ìwòsàn wọn kò sì pé. A tún lò wọ́n fún ilẹ̀ gbígbẹ́ àti ẹrù rírù ju àwọn funfun lọ, irú iṣẹ́ tí í fa ìpá àti ẹ̀yìn dídùn. Ta ni í sì í kọ orúkọ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn sínú ìwé ogun?

Ọ̀ràn orúkọ tún wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn fi orúkọ olówó rẹ̀ wọ iṣẹ́ ogun. Nígbà tí ó di òmìnira tán, ó mú orúkọ baba rẹ̀, tàbí èyí tí ó wù ú. Èyí kò lè ya àwa lẹ́nu, àwa tí a ní orúkọ àbísọ àti oríkì, tí a sì tún gba òmíràn níbi ìsàmì. Ṣùgbọ́n lójú akọ̀wé tí ó jókòó ní Washington, orúkọ méjì jọ ènìyàn méjì, bí kò bá tilẹ̀ jọ olè kan.

Ẹ wo ọ̀ràn Harriet Tubman, obìnrin olókìkí tí ó sá kúrò ní oko ẹrú, tí ó sì ń padà lọ kó àwọn mìíràn jáde. Nígbà ogun, ó se oúnjẹ, ó tọ́jú aláìsàn, ó sì ṣe amí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1863, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun tí ó gba odò Combahee lọ ní South Carolina, tí wọ́n sì dá ẹrú tí ó ju 700 lọ sílẹ̀ lómìnira. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn ogun, kò rí pẹ́ńṣọ̀n kankan gbà nítorí iṣẹ́ yìí. Ọkọ rẹ̀, Nelson Davis, tí òun pàápàá ti ṣe ọmọ-ogun, kú ní 1888. Nígbà tí opó náà béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1890, Nelson Charles ni a bá nínú ìwé ogun, kì í ṣe Nelson Davis. Ó di dandan kí ó wá ẹlẹ́rìí tí yóò sọ pé ẹnìkan ṣoṣo ni Charles àti Davis. Ọdún 1895 ni a tó fún un ní dọ́là 8 lóṣù. Ní 1899, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fúnra wọn ni ó ní láti ṣe òfin kan fún òun nìkan, tí ó sọ ọ́ di 20, nítorí àwọn aláìsàn tí ó ti tọ́jú. Bí ẹni tí a mọ̀ káàkiri, tí àwọn ọlọ́lá ń kọ̀wé nítorí rẹ̀, bá dúró fún ọdún márùn-ún kí a tó gbà pé ọkọ rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, kí ni a ó wí nípa opó kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní abúlé kan ní Mississippi?

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn olùyẹ̀wò pẹ̀lú. Irọ́ kò wọ́n nígbà náà. Ní 1879 a ṣe òfin pé ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá tọ́ yóò gba gbogbo owó ẹ̀yìn láti ọjọ́ tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, ìbéèrè sì rọ́ wọlé bí òjò. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ fún aláìmọ̀wé. Òmíràn nínú wọn a gba owó ju èyí tí òfin yàn, òmíràn a sì kọ ohun tí oníbèéèrè kò sọ. Nígbà tí ó fi di 1893, orúkọ tí ó wà nínú ìwé pẹ́ńṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000,000, owó wọn sì tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń ná. Ẹni tí a fi irú àpò bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ kò lè ṣe aláìfura.

Ṣùgbọ́n ìfura náà kò bọ́ sórí gbogbo ènìyàn bákan náà. Nígbà tí ẹjọ́ bá rú olùyẹ̀wò lójú, a ó rán oníwàádìí lọ sí ìlú oníbèéèrè. Òun yóò mú àwọn ẹlẹ́rìí jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, yóò sì fi èrò tirẹ̀ kún un, bóyá ẹni náà ṣeé gbà gbọ́ tàbí kò ṣeé gbà gbọ́. Inú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ewu wà. Àwọn kan nínú wọn kà á sí àìṣòótọ́ bí ẹni tí a kò jẹ́ kí ó kọ́ ìwé rí kò bá lè dárúkọ oṣù àti ọjọ́. Àwọn mìíràn wá olówó rẹ̀ àtijọ́ lọ, kí ó wá jẹ́rìí irú ẹni tí ó jẹ́. Tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jagun kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan tún fi nílò ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà kí ó tó jẹun. A rí àwọn oníwàádìí tí ó ṣe dáadáa pẹ̀lú, tí wọ́n rìn jìnnà láti wá ẹlẹ́rìí tí yóò gbe òtòṣì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ènìyàn kò yẹ kí ó dúró lórí irú ẹni tí ó bá bọ́ sí lọ́wọ́.

Nínú ìwé kan tí òpìtàn Donald Shaffer tẹ̀ jáde ní 2004, ó yẹ ẹjọ́ àwọn ọmọ-ogun wò, ó sì rí i pé nǹkan bí 92 nínú 100 àwọn funfun tí ó béèrè ni ó rí owó náà gbà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n 75 péré ni nínú 100 àwọn dúdú. Ẹlòmíràn lè wí pé ìwé ẹ̀rí ni wọn kò ní, pé kì í ṣe ẹ̀bi onídàájọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Àwa náà ìbá gbà á pátápátá, bí kò bá ṣe ti òfin ọdún 1890. Òfin yìí wí pé ẹni tí ó bá ti sin ìjọba fún 90 ọjọ́ lójú ogun, tí ara rẹ̀ kò sì dá mọ́, ibi yòówù kí àìsàn náà ti wá, bí kì í bá ṣe ìwàkiwà ni ó fà á, yóò gba láti dọ́là 6 títí dé 12 lóṣù. A kò tún béèrè ọ̀gá mọ́, a kò béèrè ìwé ilé ìwòsàn ojú ogun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ-ogun dúdú ni ó tipa òfin yìí rí owó gbà. Ṣùgbọ́n láàárín 6 àti 12, ta ni yóò sọ iye tí ó tọ́ sí ẹnìkọ̀ọ̀kan? Dókítà ni.

Apá tí a gé kò nílò ẹlẹ́rìí. Làkúrègbé kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn dídùn àti inú tí kò gba oúnjẹ. Aláìsàn ní láti sọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ní láti gbà á gbọ́. Níbi tí ìgbàgbọ́ bá ti jẹ́ òṣùwọ̀n, ibẹ̀ ni ènìyàn dúdú ti pàdánù jù. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ṣe ìṣirò lórí àkọsílẹ̀ àwọn dókítà wọ̀nyí, wọ́n sì rí i pé àwọn dókítà náà ṣe ojúsàájú sí àwọn dúdú. Èyí tí ó wúwo jù ni pé, bí ìṣirò wọn ti fi hàn, bí kì í bá ṣe ojúsàájú yìí, ọmọ-ogun dúdú kì bá tí kú ṣáájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ funfun. Dọ́là mélòó kan lóṣù, tí a fi gègé ìkọ̀wé yọ kúrò, ni oúnjẹ, ilé gbígbóná nígbà òtútù, àti ìsinmi arúgbó.

Ní 1907 a tún ṣe òfin mìíràn, pé kí a máa fi ọjọ́ orí san owó náà: dọ́là 12 fún ẹni ọdún 62, 15 fún ẹni 70, 20 fún ẹni 75. Ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí dókítà ń fi ìka tẹ̀ wò. Lọ́nà yìí a gba púpọ̀ nínú agbára ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí a bí ní oko ẹrú kò ní ìwé ìbí. Àwọn baba tiwa a máa wí pé a bí àwọn nígbà ogun Kírìjì tàbí ogun Àdúbí, gbogbo ilé a sì mọ iye ọdún náà. Àwọn wọ̀nyí ní láti ka tiwọn mọ́ ìgbà tí a bí ọmọ olówó wọn, tàbí kí wọ́n bẹ ìdílé olówó náà pé kí wọ́n ṣí Bíbélì wọn wò, nítorí níbẹ̀ ni àwọn mìíràn ti kọ ọjọ́ tí a bí ẹrú wọn sí.

Ilé bíríkì pupa náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa iṣẹ́ ilé kíkọ́ báyìí, ọkùnrin tí ń da ìbaaka sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ìwé ẹjọ́ wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní ìlú kan náà. Ibi tí oníwàádìí bá ti fura jù ni ìdì ìwé ti máa ń nípọn jù, nítorí pé ó ti pe gbogbo ẹbí àti ará àdúgbò jọ, ó sì ti bi wọ́n léèrè ibi tí a bí wọn, ẹni tí ó tà wọ́n, ẹni tí ó rà wọ́n, àti oko tí wọ́n ti fẹ́ aya. Níbẹ̀ ni àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ti ń rí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ńlá wọn tí kò mọ̀wé, bí akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àmì àgbélébùú tí òun tìkára rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.