Ọ̀rá Awọ Sẹ́ẹ̀lì Trypanosoma àti Leishmania: Ìyàtọ̀ Nìkan Kò Tó Gbé Oògùn Lé

Nínú iṣẹ́ wíwá oògùn fún àwọn àrùn tí kòkòrò àfòmọ́ onísẹ́ẹ̀lì kan ń fà, ìlànà kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀: ibi tí kẹ́mísírì kòkòrò bá ti yàtọ̀ sí ti ènìyàn ni kí oògùn dojú kọ. Awọ sẹ́ẹ̀lì ni ibi tí ìlànà yìí dà bíi pé ó bá mu jù, nítorí pé ọ̀rá wà lára ohun pàtàkì tí a fi hun ún, ọ̀rá kòkòrò kì í sì í sábàá rí bíi tiwa. Òtítọ́ wà nínú ìlànà náà, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ọ̀rá tí ó yẹ kí a gbé oògùn lé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀mí kòkòrò so mọ́ ní àkókò tí ó wà nínú ara ènìyàn gan-an, tí kòkòrò náà kò sì lè rí arọ́pò rẹ̀ nínú ara ẹni tí ó ń gbé. Ọ̀dọ̀ àwọn kòkòrò mẹ́ta tí wọ́n bá ara wọn tan ni ẹ̀rí wa ti wá: Trypanosoma brucei tí ń fa àrùn oorun ní Áfíríkà, Trypanosoma cruzi tí ń fa àrùn Chagas ní Látìn Amẹ́ríkà, àti ìran Leishmania.

T. brucei, tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ni a ó fi ṣáájú. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, purotéènì kan tí à ń pè ní VSG ni ó bò ó láti orí dé ìdí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 rẹ̀ ló wà lára sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Nígbà tí ara ènìyàn bá fi máa dá VSG kan mọ̀, àwọn kan nínú kòkòrò náà ti pààrọ̀ tiwọn sí òmíràn, wọn á sì yè é. Ìdákọ̀ró ọlọ́ràá kan, GPI, ni ó so purotéènì yìí mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 1988, Michael Ferguson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìhun rẹ̀ palẹ̀. Etanólámìnì tí ó ní fọ́sífẹ́ètì ni ó di purotéènì mú. Ṣúgà mánósì mẹ́ta tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà glúkósámìnì kan, lẹ́yìn rẹ̀ inósítọ́ọ̀lù, tí fọ́sífẹ́ètì mìíràn so mọ́ glísẹ́rọ́ọ̀lù. Láti ara glísẹ́rọ́ọ̀lù yìí ni ásíìdì ọ̀rá méjì ti rì sínú awọ, mírísítéètì sì ni àwọn méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kábọ́ọ̀nù 14. Èyí ṣàjèjì, nítorí pé mírísítéètì kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ Paul Englund fi hàn pé ásíìdì ọ̀rá tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kòkòrò náà kọ́kọ́ ń fi hun ìdákọ̀ró rẹ̀, kí ó tó máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi mírísítéètì dípò wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ta kò wá lè sọ pé GPI kì í ṣe ti kòkòrò nìkan. Òótọ́ ni: etanólámìnì, mánósì mẹ́ta àti glúkósámìnì tí a kà sókè yìí wà nínú GPI ènìyàn bákan náà. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà ìyàtọ̀ nìkan, a ó ti gbé GPI sọnù. Síbẹ̀, ìwádìí tí ó jáde ní 2000 fi hàn pé bí a bá dí ọ̀nà tí T. brucei ń gbà hun GPI, irú èyí tí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ á kú, nígbà tí irú èyí tí ń gbé inú eṣinṣin á wà láàyè. Ara ènìyàn kò sì ní ìdákọ̀ró VSG tí kòkòrò lè yá lò. Ewu tí ó kù ni kí oògùn má ba GPI tiwa jẹ́, ewu náà kì í sì í ṣe kékeré, torí pé àwọn ènìyàn tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní purotéènì onídàákọ̀ró GPI máa ń ní àrùn tí ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà nínú ètò ìhunṣọ̀kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ásíìdì ọ̀rá kan ń wọ ara inósítọ́ọ̀lù kí mánósì tó dé, ṣùgbọ́n nínú T. brucei, mánósì àkọ́kọ́ ló ń ṣáájú. Ẹgbẹ́ Ferguson ti fi àwọn ohun àtọwọ́dá tí ó jọ GPI hàn pé ẹ́ńsáìmù kòkòrò àti ti ènìyàn ṣeé yà sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà yìí.

Sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ó fi apá kejì ọ̀rọ̀ hàn. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ń lò, àmọ́ Leishmania àti T. cruzi, gẹ́gẹ́ bí olú, ń ṣe ẹ́gósítẹ́rọ́ọ̀lù àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí kábọ́ọ̀nù kan lé lára ìrù wọn ní ipò 24. Oògùn amphotericin B máa ń di ẹ́gósítẹ́rọ́ọ̀lù mú ju kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lọ, awọ kòkòrò á sì bàjẹ́. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2010 fi hàn pé ní Íńdíà, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo oògùn yìí, tí a fi ọ̀rá wé, wo ohun tí ó lé ní 95 nínú 100 aláìsàn kala-azar, àrùn tí Leishmania ń fà, sàn. Àṣeyọrí ńlá ni. Ṣùgbọ́n T. brucei tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò gbára lé irú sítẹ́rọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀: kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wa ni ó ń gbé mì. Ìyàtọ̀ tí a rí lára rẹ̀ nínú eṣinṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá bí ó bá ti wọ inú ènìyàn.

Ti T. cruzi tún le jù. Posaconazole máa ń dí ẹ́ńsáìmù CYP51, tí ń yọ kábọ́ọ̀nù kan kúrò ní ipò 14 kí sítẹ́rọ́ọ̀lù tó pé. Nínú yàrá ìwádìí àti lára eku, oògùn yìí mú ìrètí wá. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Sípéènì, tí àbájáde sì jáde ní 2014, kòkòrò kò hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn nígbà ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ó tún padà yọjú lára ohun tí ó lé ní 80 nínú 100 wọn. Àwọn kan á ní àkókò ìtọ́jú ló kúrú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 60 kan náà ni àwọn tí ó gba benznidazole, oògùn Chagas mìíràn, fi lò ó, tiwọn sì dára jìnnà. Ìwọ̀n oògùn lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́; síbẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu pé dídí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe sítẹ́rọ́ọ̀lù kò lè tètè pa sẹ́ẹ̀lì tí kì í hun awọ tuntun kíákíá. Amphotericin B kò ní ìṣòro yìí, torí pé ohun tí ó ti wà nínú awọ ni ó ń dì mú. Òun náà kò sì borí gbogbo nǹkan: nínú yàrá ìwádìí, a ti rí Leishmania tí ó yí sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ padà, tí ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí kẹta wá láti ara ọ̀rá inú awọ Leishmania tí kò ní glísẹ́rọ́ọ̀lù nínú. Níbi tí awa ti ń lo sífíńgómáyẹ́lìnì, inósítọ́ọ̀lù ni kòkòrò yìí ń so mọ́ sẹ́rámáìdì, bí igi àti olú ti ń ṣe. Ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ jíìnì tí Leishmania major fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rá náà fúnra rẹ̀, kòkòrò náà ṣì fa àrùn lára eku, ọ̀rá náà sì wà nínú awọ rẹ̀, nítorí pé ó rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ gbà lára ẹran tí ó ń gbé.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, GPI tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jọ tiwa ní ẹ̀rí tí ó lágbára fún oògùn nínú T. brucei ju sítẹ́rọ́ọ̀lù tí kò jọ tiwa lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò tí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ kò lè yè láìsí àkọ́kọ́, ó sì ń rí èkejì gbà lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, ó yẹ kí ìbéèrè àwọn onímọ̀ yí ipò padà: kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kòkòrò kò lè ṣe aláìní nínú ara ènìyàn, kí a tó bèèrè bóyá ó yàtọ̀ sí tiwa. Èyí tún kan irú kòkòrò tí a ń yẹ̀ wò. Irú tí ń gbé inú eṣinṣin ló rọrùn jù láti tọ́jú nínú ìgò, òun ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ọ̀rá sì ti gbára lé. Kòkòrò tí ń pa ènìyàn ni ti inú ẹ̀jẹ̀ àti ti inú sẹ́ẹ̀lì wa, lára wọn sì ni ó yẹ kí a ti wá ọ̀rá tí oògùn ọjọ́ iwájú yóò dojú kọ.