Kíkó Ímeèlì Ilé-iṣẹ́ Láti Orí Sáfà Kan Sí Òmíràn

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Exchange Server 2016 àti 2019 dúró. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó gbé irú sáfà bẹ́ẹ̀ sí yàrá kan nínú ọ́fíìsì wọn ní láti wá ibòmíràn kó ímeèlì wọn sí, nítorí pé bí àwọn ọ̀daràn bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, a kò gbọdọ̀ retí àtúnṣe ọ̀fẹ́ mọ́. A kọ àlàyé yìí fún àwọn olórí ilé-iṣẹ́ tí wọn kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí ẹ̀bi yóò dà lé lórí bí lẹ́tà bá sọnù.

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni orúkọ ìkànnì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé àmì @ nínú àdírẹ́sì. Èkejì ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń gba lẹ́tà tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan tí à ń pè ní MX ni ó ń sọ fún gbogbo ayé sáfà tí kí wọ́n kó lẹ́tà orúkọ ìkànnì náà lọ. Bí a bá ń kó, àdírẹ́sì òṣìṣẹ́ kì í yí padà. MX ni a ó yí.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ṣáájú ni pé: ní ìkáwọ́ ta ni orúkọ ìkànnì yín wà? NiRA ni ó ń ṣe àbójútó àwọn orúkọ tí ó parí sí .ng, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn alágbàtà ni a ti ń rà á. A mọ ọ́fíìsì kan, tí a kò ní dárúkọ, tí ó jẹ́ pé orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ́ ìkànnì wọn ni wọ́n fi ra tiwọn. Nígbà tí iṣẹ́ kíkó dé, ọmọ náà ti fi ìlú sílẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá a kiri, tí sáfà àtijọ́ ń kú tí ó ń jí pẹ̀lú iná mànàmáná. Ẹ rí i dájú pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó wà lórí ìwé.

Kí ọjọ́ kíkó tó dé, ẹ ka gbogbo àpótí lẹ́tà tí ó wà. Àwọn tí kò ní ẹni kan pàtó tí ó ń lò wọ́n ni a máa ń gbàgbé: àdírẹ́sì tí a kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ẹ̀dà ìwé tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ètò ìṣirò owó tí ó ń fi ríìsíìtì ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà sí ibi kẹta, tí kì í ṣe sáfà àtijọ́ tàbí tuntun. Lẹ́yìn náà ni a ó máa kó wọn díẹ̀díẹ̀ gba ọ̀nà IMAP. Imapsync jẹ́ ọ̀kan lára irinṣẹ́ tí ó ń ṣe é. IMAP kì í kó kàlẹ́ńdà àti àkójọ orúkọ àwọn ojúlùmọ̀. Ọ̀tọ̀ ni a ń kó ìwọ̀nyí.

Bí ó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ yín dín TTL àkọsílẹ̀ MX kù sí 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5. TTL ni iye àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lè fi di àkọsílẹ̀ àtijọ́ mú kí wọ́n tó tún béèrè. Bí ó bá wà ní 86400, odidi ọjọ́ kan ni àwọn lẹ́tà kan lè fi máa lọ sí tuntun, tí àwọn mìíràn yóò máa lọ sí àtijọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì dára fún yíyí. Ẹ má ṣe pa sáfà àtijọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé lẹ́tà tí kò bá rí sáfà yóò ṣègbé lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà SMTP dámọ̀ràn pé kí sáfà tí ó fi í ránṣẹ́ máa gbìyànjú fún ọjọ́ 4 tàbí 5, ó kéré tán, kí ó tó dá a padà. Lẹ́tà tí ó wọ sáfà àtijọ́ lẹ́yìn yíyí ni ó léwu: ẹ tún kó lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni a máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. SPF ń sọ àwọn sáfà tí ó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ yín. DKIM ń lu lẹ́tà ní òǹtẹ̀. DMARC ń sọ ohun tí kí a ṣe sí lẹ́tà tí kò yege. Láti oṣù Èrèlè, ọdún 2024, ni Google àti Yahoo ti ń béèrè fún SPF tàbí DKIM lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn, wọ́n sì ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ àwọn tí ó ń fi púpọ̀ ránṣẹ́. SPF kan ṣoṣo ni orúkọ ìkànnì kan gbọ́dọ̀ ní. Ẹni tí ó bá fi tuntun kún àtijọ́, tí wọ́n di méjì, ti ba méjèèjì jẹ́. Lẹ́tà tí ó fi ń béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀ lè máa bọ́ sínú àpótí pàǹtírí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. Bí dátà àwọn ènìyàn bá tú síta nígbà kíkó, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi tó Àjọ tí ó ń ṣàmójútó òfin náà létí. Nítorí náà, ẹ má ṣe ta sáfà àtijọ́ láì tíì nu díìsìkì rẹ̀ mọ́ pátápátá. Pípa fáìlì rẹ́ nìkan kò tó.