Ìlà ìjìnlẹ̀ omi

Èyí ni ìlà tó so gbogbo ibi tí òkun ti jìn dọ́gba pọ̀ lórí àwòrán. Níbi tí ìlà bá ti fún pọ̀, ilẹ̀ abẹ́ omi dà gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá jìnnà síra, ó tẹ́jú. Ọ̀gbun Màhín, tó wà lábẹ́ òkun Ìlàjẹ, jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí ìlà ti fún pọ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà lásán kò tó. A ń kùn ún láwọ̀, a ń mú òmíràn nípọn, a sì ń fi òjìji sí i kí ojú lè mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú Ayétòrò, ìlú kan ní etí òkun Ìlàjẹ. Nítorí náà, kí ìjọba ya irú àwòrán yìí fún gbogbo etí òkun Ìlàjẹ, kí wọ́n sì fi han àwọn apẹja ibẹ̀.