Bọ́tìnnì Kan, Ìwòsàn Kan: Ìtàn Àwọn Oníṣègùn Inú Géèmù

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun Dahomey. Ìtàn bọ́tìnnì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ ká jọ kà á dópin.

Nínú àwọn géèmù ogun tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan máa ń dúró níwájú láti gba ìyà ọwọ́ ọ̀tá. Àwọn kan á máa ṣá ọ̀tá náà. Àwọn díẹ̀ á dúró lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa wo ọ̀pá ẹ̀mí gbogbo ẹgbẹ́. Bí ti ẹnì kan bá ń kúrú, kí wọ́n wò ó sàn kó tó tán. Bí oníṣègùn bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa kí i. Bó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ máa dá lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí oníṣègùn kì í fi ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ṣeré.

Oṣù kẹta ọdún 1999 ni EverQuest jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwòsàn ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Complete Heal. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 10 ló ń gbà kó tó jẹ́. Kí 10 yẹn tó pé, ẹranko abàmì ti lè pa ẹni tó wà níwájú. Kí làwọn oníṣègùn wá ṣe? Wọ́n tò tẹ̀ léra. Ẹni àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kẹta á tẹ̀ lé e, tí ìwòsàn á fi máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró. Bí èèyàn mẹ́ta ṣe ń gún iyán nínú odó kan náà ni: bí ẹnì kan bá ṣi àsìkò rẹ̀, ọmọ odó á kọlu ọmọ odó.

Kí wọ́n má bàa ṣi àsìkò, wọ́n lo mákírò. Mákírò ni àṣẹ bíi mélòó kan tí a dì pọ̀ sórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ti EverQuest kò ju ìlà 5 lọ. Ìtẹ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn, á sì kéde fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó kàn lè múra.

World of Warcraft dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Ilé iṣẹ́ Blizzard tó ṣe é gba àwọn tó ń ṣe géèmù láyè láti kọ ètò kékeré tiwọn kún un. Ọ̀kan nínú wọn ni Decursive. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá ẹni tí májèlé tàbí èpè wà lára rẹ̀, á sì mú un kúrò. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: ta ló ń wo aláìsàn sàn báyìí, èèyàn ni àbí ètò?

Blizzard dáhùn ní oṣù kejìlá ọdún 2006. Láti ìgbà náà, bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ètò kankan kò lè fúnra rẹ̀ yan ẹni tí wọ́n máa wò tàbí ìwòsàn tí wọ́n máa lò. Èèyàn gbọ́dọ̀ yan án. Ṣùgbọ́n wọn ò pa mákírò rẹ́. Èyí táwọn oníṣègùn fẹ́ràn jù ṣì wà: ẹ gbé atọ́ka eku kọ̀ǹpútà lé ọ̀pá ẹ̀mí aláìsàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Kò sí pé ẹ kọ́kọ́ ń tẹ orúkọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó. Ìṣísẹ̀ méjì di ẹyọ kan, àmọ́ orí èèyàn ló ṣì ń ronú.

Kí ló wá kan àwa tá a wà ní Calavi? Ohun méjì ni.

Àkọ́kọ́ ni clavier wa. AZERTY tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ la ń lò, bẹ́ẹ̀ QWERTY ni ọ̀pọ̀ géèmù ń fọkàn sí. Níbi tí W àti A wà lórí tiwọn, Z àti Q ló wà lórí tiwa. Lórí tiwa, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ Shift kẹ́ ẹ tó rí 1 tàbí 2. Ọmọ Èkó tó bá wá kàwé níbí, tó jókòó sí cyber, á rí i pé ọwọ́ òun ń ṣìnà. Ẹni tí kò bá fúnra rẹ̀ yan bọ́tìnnì tó bá ìka rẹ̀ mu, ẹni ẹlẹ́ni á kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìkejì ni ọ̀nà jíjìn. Ní 2002 ni okùn abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kútọnù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwọn géèmù wọ̀nyí wà. Láti Kútọnù dé Paris lé ní 4,000 kìlómítà. Àṣẹ tẹ́ ẹ tẹ̀ ní Calavi gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè sọ ọ̀nà yẹn di kúkúrú. Ìtẹ̀ kan tí ará Paris lè fi ṣòfò, àwa ò ní in.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń lo mákírò. Èyí tó ń ronú fún èèyàn yàtọ̀ sí èyí tó ń gé ọ̀nà kúrú fún ọwọ́. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn, tàbí tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣeré, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó yá, ẹ̀yin oníṣègùn inú géèmù: bọ́tìnnì wo lẹ fi ìwòsàn yín sí, lórí AZERTY ni àbí QWERTY? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn lè rí i kọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.