Oko Baba Ẹlòmíràn

Yorùbá ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní ń sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Agbéraga la sábà máa ń pa òwe yìí fún: akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé kan tó wá rò pé òun ti mọ̀ tán, oníṣòwò tí kò kọjá ọjà àdúgbò rẹ̀ rí tó sì ń fi í yangàn. A ó bá a wí pé kó rìn kó lè rí, ọ̀pọ̀ wa á sì gbà pé òwe ti parí síbẹ̀. Nǹkan kan wà tí òwe náà kò sọ síta, nítorí pé nígbà tí wọ́n dá a, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ inú òwe yìí ti dé oko baba tirẹ̀. Ó mọ ibẹ̀ débi tó fi lè fi í fọ́nnu.

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dé oko. Nígbà tó ń rá, wọ́n tẹ́ aṣọ fún un lábẹ́ igi, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Bó ṣe ń tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, ọkọ́ kékeré kan di tirẹ̀. Ó ń lé ẹyẹ lórí ọkà bàbà, ó ń ṣa igi tí wọn yóò fi sun iṣu jẹ lọ́sàn-án ní ahéré. Tó bá sì ní oko baba òun tóbi, kì í ṣe ẹnu lásán. Ebè ni wọ́n fi ń díwọ̀n oko: ogún, ọgọ́rùn-ún, igba. Lórí ebè yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́ oǹkà. Àṣìṣe tó ṣe, àṣìṣe ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́ ni. Kò tíì rí ti ẹlòmíràn ni.

Àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní Abuja kò ní àǹfààní àṣìṣe yẹn.

Ní ìparí oṣù kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, mo kó àwọn ọmọ mi méjì, ọlọ́dún mẹ́rin àti ọlọ́dún méjì, lọ sí oko kan lọ́nà Kuje. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ebè iṣu tò lọ rẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Àgbà nínú wọn dúró, ó wò ó, ó ní: "Dádì, ta ló fẹ́ kọ́lé síbí?" Òkìtì yanrìn ló rò pé òun rí. Ní Lugbe tí à ń gbé, kò sí ọ̀sẹ̀ tí típà kì í da yanrìn sílẹ̀ fún àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù, ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀ ló sọ. Ó dùn mí.

Ìbéèrè náà sì tún bá ìtàn ilẹ̀ náà mu gan-an. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà jẹ́ alága fún ti jábọ̀, ìjọba Murtala Muhammed kéde pé agbègbè Abuja ni olú-ìlú tuntun yóò wà. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò l'Ékòó wá síbẹ̀. Ilẹ̀ náà kò ṣófo tẹ́lẹ̀. Àwọn Gbagyi tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari ló pọ̀ jù níbẹ̀, àgbẹ̀ paraku ni wọ́n, wọ́n sì tún mọ ìkòkò í mọ: ẹ yí ẹ̀yìn náírà ogún, Ladi Kwali tí ẹ máa rí níbẹ̀, ọmọ wọn ni. Ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ́síteètì wà lónìí, oko wọn ni. Ẹni tó bá ń wá oko lóde òní yóò jáde kúrò ní àárín ìgboro lọ sí ìhà Kuje, Gwagwalada, Kwali, Abaji tàbí Bwari.

Ọgbà ẹranko ọmọdé wà ní Asokoro, mo sì ti mú wọn débẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìran wíwò nìyẹn. Àwọn ibòmíràn wà tí wọ́n ń pè lóko, tó jẹ́ pé ilé rọ́bà táwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀ ló gba ilẹ̀ jù, ewúrẹ́ méjì wà ní kọ̀rọ̀. Lójú tèmi, oko tí ẹnìkan ti ń jẹun gan-an ló yẹ kí ọmọ kékeré dé, bó tilẹ̀ jẹ́ oko kékeré.

Baba Gbagyi tó ni oko Kuje náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ nínú mọ́tò bí wọn yóò ṣe kí i ní Hausa: "Sannu da aiki, Baba." Ẹ kú iṣẹ́ tiwa náà ni. Ó mú ọlọ́dún mẹ́rin lọ́wọ́, ó ní kó ti ọwọ́ bọ inú ebè kan. Òòrùn ti mú orí ilẹ̀ gbóná, inú ebè tutù. Ó fi koríko gbígbẹ tó dé orí ebè hàn án, ó ní láìsí i, òòrùn á se èbù iṣu mọ́lẹ̀. Ó fún un ní èbù kan, ọmọ náà gbìn ín, ó sì dé e ní fìlà koríko tirẹ̀. Bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta iṣu tí gbogbo ayé ń pèsè, Nàìjíríà ló ti ń jáde; ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà ti fọwọ́ kan ebè kan, ó kéré tán.

Èyí àbúrò kò bìkítà fún iṣu. Màlúù pàápàá kò jọ ọ́ lójú, ó ń rí wọn lójú títì. Ọ̀kùn kan ló gba ọkàn rẹ̀, tó ká ara rẹ̀ jọ nígbà tí a fi ewé kàn án. Ó lóṣòó tì í títí ó fi tú ara rẹ̀ ká. Mo fẹ́ fà á dìde ká lọ wo àgùntàn, ìyá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Oko ọmọ ọlọ́dún méjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ó sì tó o.

Ṣùgbọ́n ojú òbí kò gbọdọ̀ kúrò lára ọmọ. Bọ̀tújẹ̀ ni wọ́n fi ṣọgbà yí oko náà ká. Èso rẹ̀ dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Kànga àti odò ẹja àrọ̀ tí kò ní ìdérí náà wà níbẹ̀. Olóko kò jẹ́ ká wọ ilé adìyẹ, ojú àwọ̀n la ti wò wọ́n, n kò sì bá a jà: oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kejì ọdún 2006, bàtà àlejò sì lè gbé irú àrùn bẹ́ẹ̀ wọlé.

Èyí tó tún burú ni èyí tí ojú kò rí. Lọ́dún 2009, ènìyàn 93 ni kòkòrò E. coli O157 kọ lù lẹ́yìn tí wọ́n lọ sí Godstone Farm ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kíndìnrín àwọn kan bàjẹ́. Ara ẹran tó ń gbé kòkòrò náà le koko, inú ìgbẹ́ ẹran náà ni kòkòrò ọ̀hún wà. Sánítáísà kò lè rọ́pò omi àti ọṣẹ. Ẹ gbé jálá omi méjì dání, ẹ fọ ọwọ́ wọn kí oúnjẹ tó jáde nínú àpò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹun nítòsí ẹran.

Ẹ tún wo òwe náà dáadáa. Kò sọ pé "oko ẹlòmíràn" nìkan, ó ní "oko baba ẹlòmíràn". Baba ẹnìkan ló ni ín. A kì í já ewé láìtọrọ, bí a bá bá ìlẹ̀kùn ní títì, títì la ó fi í sílẹ̀, a ó sì ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láìná ọjà náà ní àṣejù. Obìnrin kan kọjá pẹ̀lú igi ìdáná léjìká. Ọmọ mi bèèrè ìdí tí kò fi rù ú lórí. Baba dáhùn pé orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù ru ọba. Èmi ọmọ Yorùbá tó ń bọ orí, oko Gbagyi ni mo ti gbọ́ ọ.

A padà lọ sí oko Kuje ní oṣù kọkànlá. Ọmọ mi àgbà wu iṣu rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tóbi ju apá rẹ̀ lọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e.

Nígbà ìsinmi Kérésì, a gba Bàdágìrì lọ sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, mo sì mú wọn lọ sí Songhaï, oko ńlá tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, níbi tí ìgbẹ́ ẹran ti ń di gáàsì ìdáná àti oúnjẹ ilẹ̀. Amọ̀nà mú wa kiri odò ẹja, ilé ẹran, ebè ẹ̀fọ́ tí kò lópin. Ọmọ mi rìn dé ìdajì, ó dúró, ó ní: "Oko Bàbá wa ní Kuje tóbi ju báyìí lọ."

N kò já a nírọ́.